Ta Ló Gé Ohùn Màmá Juliana?

Òkú kì í sọ̀rọ̀. Kí fóònù tó dé nìyẹn o. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, Màmá Juliana Ṣóbọ̀wálé, tí wọ́n ti sin láti oṣù tó kọjá, tí àwọn àlejò ti jẹ ìrẹsì ìsìnkú rẹ̀ tán tí wọ́n sì tún bu tàwọn ọmọ wọn dání, dìde nínú gbogbo fóònù Yorùbá tó wà ní Douala. Ó lanu gbàgà, ó ní:

"Ọláòtán ló dáná sun ṣọ́ọ̀bù náà! Ọláòtán ló jó wa run!"

Ó tán. Kò ní orí, kò ní ìdí. Ènìyàn kò lè sín tán kí ó tó parí. Àmọ́ kí àwọn ọlọ́kadà tó kó èrò àkọ́kọ́ dé àdúgbò Bassa, ohùn náà ti kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọrin, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ó ti gba ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ ọjà Marché Congo kọjá, ó ti dé Yaoundé, ó sì ti ń wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Paris.

Ẹni tí wọ́n dárúkọ ni Bàbá Ọláòtán Ṣóbọ̀wálé, àbúrò ọkọ Màmá Juliana, alàgbà ìjọ, ọkùnrin tí kò lè pa eṣinṣin láì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ohùn náà ti jáde ni ojú ewé Ẹnu Àgbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbémisọ́lá ló ni Ẹnu Àgbà. Gbémisọ́lá kò sì gbé ohunkóhun jáde. Oorun ló ń sùn.

Ó sáré dé yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Logbaba, bàtà ẹsẹ̀ òsì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Christian, ọmọkùnrin tó ń bá a tún ohùn ṣe, ti wà níwájú kọ̀ǹpútà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Tantine, Màmá ti lọ."

"Christian, a sin ín lóṣù tó kọjá."

"Non! Nínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá wa sọ. Tout! Èyí tí mo fi pamọ́ sínú dísíkì kékeré náà ti lọ. Èyí tó wà lójú ewé wa nìkan ló kù."

Gbémisọ́lá kò tíì rí àga jókòó tí fóònù rẹ̀ fi dún. Akọ̀wé ìjọ ni.

"Ọmọ yìí, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá sí gbọ̀ngàn. Gbogbo ohùn àgbà tí o gbà sílẹ̀ pátá, lójú wa ni wàá ti pa á rẹ́. A ò bímọ kó máa fi ẹ̀rọ hú sàréè."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ní kó pa. Láyé àtijọ́, bí oníwèé ìròyìn bá wá fọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà lẹ́nu wò, àgbà a sọ̀rọ̀ títí itọ́ yóò fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Oníròyìn a dúpẹ́, a lọ, a tẹ ìlà mẹ́ta jáde, méjì á jẹ́ irọ́, àwòrán tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn á sì jẹ́ ti ẹlòmíràn. Gbémisọ́lá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó fi fóòmù ìbùsùn bo ògiri, ó ra maíkì, ó ní kí àwọn àgbà tó ti Ìjẹ̀bú, Òṣogbo àti Ọ̀fà wá máa jókòó sọ bí wọ́n ṣe dé Douala, ohun tí wọ́n tà, ẹni tí wọ́n fẹ́, ẹni tó kọ̀ láti fẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ló ń gbé e jáde, tikọ́ tẹ̀rín, pẹ̀lú Faransé lábẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí Yorùbá wọn kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ebi ń pa mí" lọ. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló ń béèrè. Ọmọ-ọmọ kan á wà ní Lyon nílẹ̀ Faransé, á fi ìbéèrè ránṣẹ́, bàbá àgbà á sì dá a lóhùn ní Logbaba bí ẹni pé ọmọ náà jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tiẹ̀ ti ń múra ìwé kan sílẹ̀, ìwé orí fóònù: tí ènìyàn bá tẹ orúkọ àgbà kan, àgbà náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn àgbà yẹn ti kú. Ibi tí ohùn wọn kù sí láyé ni inú kọ̀ǹpútà yẹn. Òun ni wọ́n ní kó pa.

*

Ó kọ́kọ́ sáré lọ bá ọlọ́pàá. Kọmísárì Alphonse gbọ́ ohùn náà, ó tún un gbọ́, kò yé e, ó tún un gbọ́.

"Mademoiselle, ta ló kú?"

"Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ni, sà. Àmọ́ ó ti kú tẹ́lẹ̀."

"Kí ni wọ́n jí?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, sà."

Kọmísárì fi ìdérí dé bírò rẹ̀. "Ça, c'est la famille. Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn. Lọ bá Madame Ìbíjọkẹ́."

Kò sí ẹni tó ń pe Ìbíjọkẹ́ Akínfẹ́mi lórúkọ mọ́ ní Douala. Màmá Kóòtù ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì: ó ń gbé Yorùbá bọ́ sínú Faransé, ó ń gbé Faransé bọ́ sínú Píjìn, ó sì ń gbọ́ irọ́ ní gbogbo èdè. Wọ́n ní àwọn adájọ́ kì í wojú ẹlẹ́rìí nígbà náà. Gèlè Màmá Kóòtù ni wọ́n ń wò. Bó bá ti gbé ọwọ́ tún gèlè ṣe báyìí, ẹlẹ́rìí náà ti dáràn.

Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ Gbémisọ́lá nítorí ẹnu ọ̀nà kéré, ó gbé pọ́fùpọ́fù àti ẹ̀wà dání nínú ọ̀rá. Gbémisọ́lá kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Dìde, orúnkún kọ́ ló ṣẹ̀. Ta ló ń sunkún níbí?"

"Èmi ni, mà."

"Mu omi. Ẹni tí omi ara rẹ̀ bá tán kò lè ronú. Ìwọ ọmọkùnrin, kí lorúkọ rẹ?"

"Christian, Màmá."

"Tẹ ohùn náà kí n gbọ́."

Ó gbé ohun ìgbọ́hùn lé etí, lórí gèlè. Ó di ojú. Ó ń jẹ pọ́fùpọ́fù, ó ń gbọ́. Ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ó jẹ òmíràn. Yàrá náà dákẹ́ bí ìgbà tí adájọ́ fẹ́ ka ìdájọ́, àyàfi ẹnu Màmá Kóòtù tó ń lọ.

Christian kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Màmá, ẹ̀rọ ló ṣe é. Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú gúrúùpù. Kọ̀ǹpútà ti lè ṣe ohùn èèyàn báyìí. C'est l'IA!"

"Ẹ̀rọ ló ṣe é?" Màmá Kóòtù la ojú kan. "Ó dáa. Ẹ̀rọ náà ló tún fa atẹ́gùn gba àárín eyín bí Màmá Juliana ṣe máa ń fà á tó bá ti ń bínú? Ẹ̀rọ ló tún ṣe ọkùnrin tó ń jó irin lẹ́yìnkùlé yín, tó ń dún ṣaa-ṣaa-ṣaa lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀?"

Gbémisọ́lá dìde dúró. "Wẹ́dà! Ọjọ́ tí Màmá wá ni wẹ́dà yẹn ń yọ wá lẹ́nu. Èmi gan-an ló jáde lọ bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo fi padà wọlé, Màmá ń nu ojú. Ó ní, 'Mo ti dá ọmọ yẹn lóhùn.'"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ kan ní Yaoundé tó fi ìbéèrè ránṣẹ́. Ó ní ta ló jó ṣọ́ọ̀bù aṣọ àwọn Ṣóbọ̀wálé ní Marché Congo láyé ọjọ́un. Kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Màmá kú. Mi ò láyà láti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà náà, mà. Christian ló wà ńbẹ̀ nígbà tó ń dáhùn, Yorùbá rẹ̀ kò sì..."

"Mo gbọ́ díẹ̀," ni Christian wí. "Mo wá kọ ọ́ síta pé ní Sunday, Màmá yóò sọ ẹni tó jó ṣọ́ọ̀bù. Kí àwọn èèyàn lè wá gbọ́."

"O ti polongo rẹ̀." Màmá Kóòtù fọwọ́ kan gèlè, kò tún un ṣe. "Ohùn Màmá ni, ọjọ́ yẹn ni, yàrá yìí ni. Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kò ṣẹ̀ yín. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé ni ọ̀lẹ ti rí ẹni tí yóò máa di ẹ̀bi rù."

Gbémisọ́lá ti ń gbàdúrà kó jẹ́ ẹ̀rọ. "Nígbà náà, òótọ́ ni pé Bàbá Ọláòtán..."

"Mo ní ohùn rẹ̀ ni. Ta ló ní òótọ́ ni? Kí ni Màmá Juliana máa ń pe Bàbá Ọláòtán?"

Láàárín ìbànújẹ́ náà, ẹ̀rín yọ lẹ́nu Gbémisọ́lá. "Eyínmẹ́nugún."

"Eyín tó mú ẹnu gún régé," ni Màmá Kóòtù túmọ̀ fún Christian.

"Bàbá tí eyín ẹ̀ ku mẹ́ta?"

"Ọjọ́ tó sọ ọ́ lórúkọ náà, ó pé lẹ́nu. Gbọ́, ọmọ mi. Ìyàwó ilé Yorùbá kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Bó ṣe ọmọ ọwọ́ ló bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá fún un ni yóò máa pè é: Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Agúnléjìká. Mo mọ Juliana. Bí ilé bá ń jó tí Ọláòtán wà nínú rẹ̀, ohun tí yóò pariwo ni pé 'Ẹ gbà mí, Eyínmẹ́nugún wà ńlé!' Kí ó tó la ẹnu rẹ̀ pe 'Ọláòtán', yóò jẹ ahọ́n rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ló lè pe orúkọ yẹn."

"Ìgbà wo, mà?"

"Ìgbà tí kì í bá ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tó bá ń sín ẹlòmíràn jẹ."

Gbémisọ́lá pariwo. Bí Màmá ṣe máa ń sọ ìtàn gan-an nìyẹn! Màmá Juliana kì í sọ ìtàn, ńṣe ló máa ń di í. Bí ọlọ́pàá bá wà nínú rẹ̀, á di ọlọ́pàá. Bí ewúrẹ́ bá wà nínú rẹ̀, á ké mẹ̀ẹ̀.

"Ta ló lè pe Ọláòtán lórúkọ nínú ilé yẹn?" ni Màmá Kóòtù ń bá a lọ. "Ìyá tó bí i. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ti wà níwájú: 'ìyá ọkọ mi ní.' Ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà lẹ́yìn. Ẹnìkan gé e lórí, ó gé e nírù, ó gbé àárín jáde bí ẹja gbígbẹ. Ẹni náà gbọ́ Yorùbá dénú. Christian, kí ni 'jó wa run'?"

"Jó... c'est danser, non? Ijó jíjó?"

"Ìwọ kọ́. Má bínú."

"Ẹ ṣé, Màmá," ni Christian wí, kò mọ̀ bóyá kí inú òun dùn.

*

Ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Christian tẹ ibì kan, ojú ewé náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́: ọ̀sán ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti gbé ohùn náà sí i, wọ́n kàn ní kó jáde ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni. "Ìránṣẹ́ tí wọ́n rán lónìí tó jíṣẹ́ lọ́la, tí kò sì fi nǹkan kan kún un," ni Màmá Kóòtù wí. "A ò ní irú rẹ̀ ní kóòtù rí. Ta ló wọ yàrá yìí lọ́jọ́bọ̀?"

Gbémisọ́lá wà lọ́jà. Christian ń jáde, ó ń wọlé, epo jẹnẹrétọ̀ ló ń wá kiri. Bàbá Ọláòtán wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Màmá, nítorí ẹbí ló kọ́kọ́ ń gbọ́ kí ayé tó gbọ́. "Àmọ́ Bàbá kò mọ fóònù lò, mà. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń bá wọn tẹ nọ́ńbà. Brọ̀dá Goodness náà wá. Wọ́n mú ìwé ìkéde ìjọ wá."

"Goodness tó ń du oyè Bàbá Ìjọ mọ́ Bàbá Ọláòtán lọ́wọ́?"

Wọ́n ti ń wá bàtà.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bassa ni Goodness ti ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe rí Màmá Kóòtù ni òógùn bò ó.

"Brọ̀dá Goodness, kí lẹ ṣe nídìí maíkì Gbémi lọ́jọ́bọ̀?"

"Èmi? Maíkì? Mi ò mọ maíkì!"

Màmá Kóòtù tún gèlè ṣe.

"Mo jókòó síbẹ̀ díẹ̀," ni Goodness wí.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń sinmi."

Ó tún gèlè ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin náà wó bí àpò sìmẹ́ǹtì tó já. "Màmá, ẹ ṣàánú mi! Wọ́n ń pe gbogbo èèyàn sí Ẹnu Àgbà, kò sẹ́ni tó pè mí! Wọ́n ní mi ò tíì dàgbà tó. Mo bá... mo bá ara mi sọ̀rọ̀ ni."

Ó yọ fóònù. Ohùn Goodness jáde, ó rọra bí ohùn oníròyìn: "Ẹ káàbọ̀ sí Ẹnu Àgbà. Àlejò wa lónìí ni akínkanjú ọkùnrin, Goodness!" Ohùn Goodness kan náà dáhùn, ó nípọn: "Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mi ò tọ́ sí i." Oníròyìn ní, "Ẹ tọ́ sí i, sà." Àlejò ní, "Ó dáa, tẹ́ ẹ bá ti fi dandan lé e."

Gbémisọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Màmá Kóòtù kò rẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ ti gùn. Ní ìparí, nígbà tí àlejò ń ṣàlàyé bí ó ṣe fi ìrẹ̀lẹ̀ borí àwọn ọ̀tá rẹ̀, ọ̀pá kan kan ilẹ̀, kó, kó, kó. Ohùn àgbàlagbà kan sì ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé n lè wọlé?"

"Mo sáré jáde nígbà náà," ni Goodness wí. "Bàbá Ọláòtán ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ gbà mí gbọ́, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín ló dára jù lọ tí mo tíì gbọ́."

"Lóòótọ́, mà?"

"Ó ti gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n."

*

Bàbá Ọláòtán jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ti gbó sí i láàárín ọjọ́ méjì. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló ń pa Gbémisọ́lá lẹ́kún.

"Ẹ má yọ ọmọ yìí lẹ́nu, Ìbíjọkẹ́. Mo ti dárí jì í. Ohun tí ìyàwó wa sọ, ó ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó parí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán lọ́jọ́bọ̀?"

"Níbo? Christian tẹ̀ ẹ́ fún mi, ó jáde, nǹkan náà dákẹ́. Kí ni mo mọ̀?" Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó dorí rẹ̀ kodò. "Èyí gan-an, ẹyẹ kan ló ń ké nínú rẹ̀ láti àárọ̀."

"Iṣẹ́ tí mo rán sí yín ni, ọ̀rọ̀ ètò ọjọ́ Àìkú. Ó gùn díẹ̀. Ọmọ á bá yín tẹ̀ ẹ́ tó bá dé. A ń lọ, sà."

Wọ́n kí bàbá, wọ́n jáde. Bí wọ́n ṣe yí kọjá igun ilé, Màmá Kóòtù fa aṣọ Gbémisọ́lá. "Dúró. Gbọ́."

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn Màmá Kóòtù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ṣùgbọ́n kò rìn. Ó ń sáré! Ó ń sáré tete-tete-tete bí adìẹ tí wọ́n ń lé fún ọbẹ̀ Kérésì.

"Mà, kí lẹ ń sá fún nínú fóònù?"

"Èmi kọ́. Ó ti mú mi sáré. Ẹni tí kò mọ fóònù, á gbọ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ju ìwọ lọ ló mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè yára."

Gbémisọ́lá yíjú padà wo ilé náà. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló fẹ̀sùn kan ara rẹ̀! "Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́?"

"Màmá Juliana ni yóò sọ fún wa."

"Ohùn wọn ti parẹ́, mà!"

"Ní ọ̀dọ̀ tìrẹ ló ti parẹ́. Lẹ́yìn 'jó wa run', nǹkan kékeré kan dún, tíìn. Ṣé o gbọ́ ọ? Wásáàpù ló ń ké bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá fi ohùn ránṣẹ́ tán. Níbo ni fóònù Màmá wà lọ́jọ́ náà?"

"Lórí ẹsẹ̀ wọn, lábẹ́ ìṣẹ́po aṣọ. Wọ́n dì í mú bí ọrùn adìẹ, wọn ò fẹ́ gbé e sílẹ̀..." Gbémisọ́lá dúró. "Àfi tí wọ́n bá fẹ́ ju ọwọ́ sókè ṣe bí ìyá ọkọ wọn."

"Bí ọwọ́ bá kúrò lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ á lọ. Tíìn! Ìwọ ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, òun náà ń fi fóònù tirẹ̀ gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ó ti gbé ìwé rẹ̀ jáde ṣáájú ìwọ tó ni ilé ìtẹ̀wé! Ayé yìí mà dùn o. Nígbà tiwa, ẹni tó mú bírò ló ni ọ̀rọ̀. Ta ni Màmá máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí?"

Gbogbo Logbaba ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, Ìyá Fadékẹ́ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n pè é. Kò jẹ́ kí wọ́n kí òun tán.

"Ẹ̀yin ará Douala! Ó tó gẹ́ẹ́! Juliana ní n má fún ẹnikẹ́ni tí kò bá béèrè. Mo ti jókòó ti fóònù láti ọjọ́ tó kú, kò sẹ́ni tó béèrè!"

*

Lọ́jọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà Gbémisọ́lá sórí tábìlì níwájú àwọn àgbà bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà. Àmọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Màmá Kóòtù fa Bàbá Ọláòtán àti Gbémisọ́lá wọ yàrá kékeré tí àwọn alàgbà ti ń wọ ẹ̀wù, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, kí ló dé tẹ́ ẹ mú un sáré?"

Bàbá wò ó. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ. "Ìbíjọkẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ ti máa ń gùn jù láti kékeré."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Fóònù náà ló kọ́ mi. Ó ní sùúrù ju àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ. Ẹ má sọ fún wọn o. Tí wọ́n bá mọ̀ pé mo lè tẹ̀ ẹ́, ta ni yóò máa wá jókòó tì mí?" Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Orúkọ ta ló wà lára gbọ̀ngàn tá a wà yìí?"

"Ti ẹ̀gbọ́n yín, sà. Gbọ̀ngàn Ṣóbọ̀wálé."

"Òun ló ń lọ aṣọ, ó sùn lọ, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú sórí aṣọ. Ìyá wa ní èmi ni. Mo gbà á. Mo jẹ́ ọmọdé, ẹ̀bi ọmọdé kì í pẹ́ lójú ayé. Òun ló ń bọ́ gbogbo wa. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n sí ẹni tó jó ọjà, ta ni yóò tún fún un láṣọ tà ní Marché Congo? Nígbà tí ẹ wá kéde pé ìyàwó wa fẹ́ dárúkọ, mo mọ̀ pé tí ẹ ò bá rí orúkọ, ẹ ó máa walẹ̀. Ajá tó ti gbóòórùn eegun, eegun ni wọ́n ń jù sí i. Mo ju ara mi." Ó yíjú sí Gbémisọ́lá, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni wọn yóò jó."

Gbémisọ́lá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ náà lódindi ti wà lọ́wọ́ mi, láti ọ̀dọ̀ Ìyá Fadékẹ́," ni Màmá Kóòtù wí. "N kò ní ṣí i níta yẹn. Ẹ̀yin ni ẹ ó ṣí i, tàbí kí ohùn gbogbo wọn kú. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó fi sílẹ̀ fún yín kẹ́yìn."

Ó tẹ fóònù. Ohùn Màmá Juliana kún yàrá náà, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sílé:

"Ìyá Fadékẹ́, tí mo bá kú, wọn yóò fẹ́ bò ó. Kì í ṣe ọ̀tá o. Eyínmẹ́nugún, ọkọ mi, ni yóò kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì. Sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló rán mi kó tó kú, pé kí n jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ta ni ǹ bá sọ fún? Gbogbo ọdún yìí, kò sẹ́ni tó bi mí. Ọmọ kan tí mi ò mọ̀ rí, láti inú fóònù, ló bi mí. Sọ fún Eyínmẹ́nugún pé èmi ìyàwó rẹ̀ ló ní kó sọ ẹrù kalẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti tó gẹ́ẹ́."

Wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn. Ohùn akọ̀wé ni. "Ọmọ náà dà? Kó wá pa á rẹ́!"

Bàbá Ọláòtán ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún akọ̀wé bí ẹni gbé e fún ọmọ ọ̀dọ̀, ó rìn lọ sídìí tábìlì, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ́ sí iṣẹ́. Pá, pá, pá! Ó ṣí ibí, ó ti ọ̀hún, ó fa ohùn láti inú fóònù Màmá Kóòtù bọ́ sórí Ẹnu Àgbà bí ẹni fa okùn láti inú kànga. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀ lanu sílẹ̀.

"Ẹ jókòó," ni bàbá wí. "Ẹ fẹ́ mọ ẹni tó jó ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ yìí kò ní pa ohun kankan rẹ́."

Ohùn Màmá Juliana bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀, pẹ̀lú wẹ́dà rẹ̀. Akọ̀wé, tí ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wá àga, ó fà á sún mọ́ iwájú.

Goodness nàgà láti ẹ̀yìn. "Bàbá, ebi ń pa ìjọ o. Ṣé ẹ lè mú un sáré díẹ̀?"

"Rárá," ni Ọláòtán wí. "Kó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó fẹ̀yìn ti àga. Nígbà tí ìyàwó wọn dé ibi tó ti pè é ní Eyínmẹ́nugún, bàbá rẹ́rìn-ín. Mẹ́ta péré ló kù lẹ́nu rẹ̀. Gbémisọ́lá wò ó dáadáa, ó sì rí i pé ẹnu náà gún.